Ijó Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọ̀lẹ: Ọ̀nà Wo Ni Ẹ̀gbá Là Fún Ọmọ Tó Ń Jó?

   Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa la gbé wá lónìí, pàápàá àwọn tí Elédùmarè fi ijó sí lẹ́sẹ̀.

Kò sí agbo tí a lè dá sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní í jáde. Ìbáà jẹ́ ọdún Líṣàbí, ìbáà jẹ́ ọdún eégún, ìbáà jẹ́ ìnáwó ọjọ́ Sátidé, bí ìlù bá ti dún, ọmọ kan á bọ́ sójú agbo, gbogbo ojú á sì yí sí i. Wọ́n á náwó fún un, wọ́n á gbé fóònù sókè, kí ilẹ̀ tó ṣú fídíò rẹ̀ á ti dé orí TikTok. Ṣùgbọ́n bó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ọmọ yẹn sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ijó lòun fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ jẹun, ilé á dàrú. Àwọn kan náà tó náwó fún un lánàá ni yóò bá a wí pé kó lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe.

A kò dá àwọn òbí lẹ́bi tán. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, bàbá rẹ̀ mọ ọ̀gá tí yóò fà á lé lọ́wọ́, ó mọ iye ọdún tí yóò lò, ó mọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. Bó bá ní àdìrẹ lòun fẹ́ kọ́, ẹsẹ̀ kò ní í pẹ́ kó tó dé Ìtòkú, níbi tí ìyá ti ń kọ́ ọmọ, tí ọmọ ń kọ́ ọmọ-ọmọ, láti orí dída ẹ̀kọ sí aṣọ títí dé orí aró. Bí wọ́n bá ní ijó ńkọ́? Ta ni ọ̀gá? Ọdún mélòó? Ọjọ́ wo ni fírídọ̀ọ̀mù? Ta ni yóò gbà á síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni kò ní ìdáhùn, òun ló sì ń ba òbí lẹ́rù. Èrò wa ni pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá lè dáhùn wọn, àwa ẹlẹ́sìn ìṣẹ̀ṣe ló sì yẹ ká ṣíwájú, nítorí ọwọ́ wa ni ìmọ̀ yẹn wà.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ijó jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nínú ìṣẹ̀ṣe, ijó kì í ṣe ohun tí a ń ṣe nígbà tí ìsìn bá parí; ara ìsìn ni. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan ló ní ìlù tirẹ̀, ìlù kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bàtá ni ti Ṣàngó àti ti eégún, ìgbìn ni ti Ọbàtálá, ìpèsè ni ti Ifá, àgẹ̀rẹ̀ ni ti ọdẹ àti ti Ògún, àgbá ni ti Ògbóni. Ẹni tó gbọ́ ìgbìn tó wá ń ju èjìká bí ẹlẹ́gùn Ṣàngó, àwọn àgbà á wo ara wọn lójú, wọn á mọ̀ pé kò kọ́ṣẹ́. Ìlù wa tún ń sọ̀rọ̀. Ìyá ìlù á kì ọ́, á bú ọ, á bi ọ́ léèrè, ẹsẹ̀ rẹ lo máa fi dá a lóhùn. Ọmọ tí kò gbọ́ oríkì, tí kò gbọ́ òwe, tí kò mọ àdúgbò tí wọ́n ń kì, bó ti wù kí ara rẹ̀ rọ̀ tó, bí adití ló rí lójú agbo dùndún. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ ijó Yorùbá jẹ́ ẹ̀kọ́ èdè, ẹ̀kọ́ ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìwà lẹ́ẹ̀kan náà.

A sì ti ní àpẹẹrẹ bí a ṣe ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ awo kì í jókòó lọ́jọ́ kan kó dìde ní babaláwo. Láti kékeré ni yóò ti máa gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀. Yóò kọ́ odù láti orí Èjì Ogbè títí dé Òfún Méjì, títí yóò fi wọ inú igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Yóò kọ́ ẹsẹ̀ Ifá, yóò kọ́ ewé, yóò kọ́ ẹbọ, yóò sì kọ́ bí a ṣe ń bá ènìyàn tí ìṣòro dé bá sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà awo á dán an wò níṣojú ẹgbẹ́, kí wọ́n tó gbà pé ó lè dá dúró. Ẹ wo ohun mẹ́rin tó wà níbẹ̀: ọ̀gá tí a mọ orúkọ rẹ̀, ìpele tí ẹ̀kọ́ ń gbà, ìdánwò níṣojú ẹlẹ́rìí, àti èèwọ̀ tí ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dá. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́, kì í ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti ọpọ́n nìkan ni wọ́n kà sí. Ọgbọ́n tí à ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ láti ìran dé ìran náà wà níbẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ilẹ̀ Yewa àti Kétu, tó jẹ́ pé ijó àti agẹmọ́jú ni gbogbo rẹ̀, ti ṣáájú Ifá gba irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ní 2001, lórúkọ Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ayé ti mọ̀ pé ijó wa níyì. Àwa tó ni ín ló kù.

Báwo ni ijó ṣe wá di iṣẹ́ ìtìjú lójú wa? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Inú ilé eégún ni àwọn alárìnjó ti jáde, wọ́n ṣeré lójú ọba ní Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́. Nígbà tí Clapperton àti Lander dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, wọ́n rí irú eré bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Iṣẹ́ tó ní ọ̀gá, tó ní ọmọ iṣẹ́, tó ní àwọn ilé tí a mọ̀ mọ́ ọn ni. Síbẹ̀, lónìí, bí wọ́n bá pe ọmọ ènìyàn ní alárìnjó, èébú ni. A sọ orúkọ iṣẹ́ di orúkọ alárìnkiri.

Ọmọ bíbí Ìpínlẹ̀ Ògùn méjì jẹ ìyà èébú yìí. Hubert Ògúndé, tí wọ́n bí ní Ọ̀ṣọ́sà ní 1916, tó dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, rí i pé àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn máa bá ẹgbẹ́ eré kiri, wọ́n ní aṣẹ́wó ni wọn yóò dà. Ọ̀nà tó gbà ni pé ó fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré, kí wọ́n lè ní orúkọ ọkọ níwájú ayé. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1938, fẹ́ obìnrin 27 lọ́jọ́ kan náà ní 1978, àwọn akọrin àti oníjó rẹ̀ ni wọ́n. Ohun tó wù kí a sọ nípa àwọn ọkùnrin méjì yìí, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: láyé ìgbà tiwọn, ọmọbìnrin tó ń jó kò ní ibòmíràn tó lè sá sí ju abẹ́ orúkọ ọkọ lọ. Kò sí àdéhùn iṣẹ́, kò sí ẹgbẹ́ tí yóò gbèjà rẹ̀, kò sí ìwé ẹ̀rí. Ní báyìí tí a wà yìí, kò yẹ kí ọmọbìnrin Ẹ̀gbá kan fẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kó tó lè jó.

A kò sọ pé kò sí ọ̀nà rárá o. Ògúndé yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ké sí nígbà tí wọ́n fẹ́ dá Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-èdè sílẹ̀, kó tó di pé ó papò dà ní 1990. Àwọn yunifásítì náà ń ṣe gudugudu méje. Ìbàdàn ló kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969. Ifẹ̀, Ìlọrin àti Èkó tẹ̀lé e. Nínú ìpínlẹ̀ tiwa níbí, Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ òṣèré, ijó sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó gba ibẹ̀ kọjá lè di olùkọ́, ó lè di ẹni tó ń to ijó fún fíìmù àti fún orí ìtàgé, ó lè bá àjọ àṣà ìjọba ṣiṣẹ́.

Ẹ wo Èkó tó wà nítòsí wa. Kafayat Shafau tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kaffy wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ Guinness ní 2006 nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jó fún ohun tó lé ní wákàtí 50, ó sì fi ijó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Qudus Onikeku lọ sí ilẹ̀ Faransé lọ kọ́ ẹ̀kọ́ gíga nínú eré ìtakìtì, ó padà wálé, ó dá QDance Center sílẹ̀ l'Ékòó, ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, iṣẹ́ wọn sì ń rin gbogbo ayé. Ní 2017, Daniel Ajala dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ ní Àjángbàdì, àdúgbò mẹ̀kúnnù, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ijó ballet láìgba kọ́bọ̀. Ní 2020, fídíò ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan tó ń jó lábẹ́ òjò láìwọ bàtà gba gbogbo ayé kan, ọmọ náà sì rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn ta wá lára díẹ̀. Bí ijó àwọn aláwọ̀ funfun bá lè rí ilé ẹ̀kọ́ ní Àjángbàdì, ilé ẹ̀kọ́ bàtá dà l'Abẹ́òkúta? Ibo ni ọmọ Aké tàbí ọmọ Òwu lè lọ ní ìrọ̀lẹ́ Wẹsidé, kí ọ̀gá kan dúró níwájú rẹ̀, kó sọ fún un pé, ẹsẹ̀ báyìí ni a fi ń dá ìgbìn lóhùn, ìdí sì nìyí?

A ti ní ìbẹ̀rẹ̀ tó dára rí. Ní 2016 ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọdún ìlù l'Abẹ́òkúta; nígbà tó fi di ọdún kejì, ó ti di ọdún ìlù ti gbogbo Áfíríkà. Àwọn onílù wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn àti láti orílẹ̀-èdè mìíràn, Abẹ́òkúta sì gbóná janjan. Gbọ̀ngán àṣà June 12 wà ní Kútọ̀, ó tóbi, ó lẹ́wà. Níbẹ̀ náà ni ọdún ìwé Aké ti bẹ̀rẹ̀ ní 2013 kó tó kó lọ sí Èkó ní 2018. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé àjọ̀dún ọjọ́ díẹ̀ kì í sọ ènìyàn di ọ̀gá. Wọ́n á kó àwọn ọmọ jọ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún tó kò, wọ́n á dá aṣọ fún wọn, wọ́n á jó níwájú gómìnà, wọ́n á sì pín owó táṣẹ́rẹ́ fún wọn. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Nínú oṣù mọ́kànlá tó kù, kí ni ọmọ yẹn ń kọ́? Ta ló ń kọ́ ọ?

Bí àwa bá ń fi tiwa ṣeré, àwọn mìíràn ń fi í ṣe iṣẹ́. Ní 2009, wọ́n gbé eré Fela! jáde ní Broadway ní New York, ijó àti orin ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 2010, Bill T. Jones tó to ijó náà gba àmì ẹ̀yẹ Tony fún un. A kò bínú sí i, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Ìbéèrè wa ni pé, mélòó nínú àwọn ọmọ Ẹ̀gbá ló ní ìmọ̀ àti ìwé tí wọ́n fi lè pè é pé kó wá bá wọn to irú ijó bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo Cuba. Láti 1962 ni ìjọba wọn ti dá ẹgbẹ́ oníjó ìbílẹ̀ ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní Havana. Ijó Ṣàngó, ti Ògún, ti Ọ̀ṣun, ti Yemọja, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní ìpele-ìpele, àwọn èèyàn sì ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Yúróòpù lọ kọ́ ọ, wọ́n ń sanwó. Ẹ wo Bahia ní Brazil. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀ ti ní ilé ẹ̀kọ́ ijó láti 1956. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń kóra jọ ní etí òkun Rio Vermelho ní Salvador láti bọ Yemọja. Yemọja wo? Pierre Fátúmbí Verger kọ ọ́ sílẹ̀ pé òrìṣà àwọn Ẹ̀gbá ni, pé nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní ilẹ̀ wọn àtijọ́, wọ́n gbé e wá sí Abẹ́òkúta, odò Ògùn sì di ilé rẹ̀, tí ojúbọ rẹ̀ pàtàkì sì wà ní Ìbarà. Ìbarà níbí o! Ọmọ Bahia mọ bí ọwọ́ Yemọja ṣe ń fẹ́ bí ìgbì omi. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìdí ojúbọ náà ńkọ́?

Èyí tó tún dùn mọ́ wa jù ni ti Germaine Acogny. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1944, àwòrò òrìṣà tó jẹ́ ọmọ Yorùbá sì ni ìyá àgbà rẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Senghor àti Maurice Béjart dá ilé ẹ̀kọ́ ijó Mudra Afrique sílẹ̀ ní Dakar ní 1977, Acogny ni wọ́n fi ṣe olùdarí. Nígbà tí owó tán tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa, kò jókòó sunkún. Òun àti ọkọ rẹ̀ dá École des Sables sílẹ̀ ní Toubab Dialaw, lẹ́bàá òkun Senegal, níbi tí àwọn oníjó láti gbogbo Áfíríkà ti ń wá kọ́ṣẹ́ dòní. Ní 2021, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ó fi àṣà tó bá nílé ìyá àgbà rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀, ó to ọ̀nà ìkọ́ni jáde, ó kọ́ ilé lé e. Ohun tí à ń bèèrè fún ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò ju ìyẹn lọ.

Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé, "Ẹ fẹ́ fi ijó òrìṣà ṣòwò. Ohun awo ni, ẹ má sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́." A gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ṣé ẹ rò pé wọn kò tíì máa fi ṣòwò ni? Ẹ wo fíìmù, ẹ rí bí wọ́n ṣe ń fi ẹlẹ́gùn Ṣàngó hàn bí wèrè. Ẹ lọ sí ìgbéyàwó, ẹ rí eégún ayédèrú tí kò ní ilé, tí kò ní bàbá. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló ń tà á, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n dákẹ́. Ẹ̀kọ́ kò lè ba awo jẹ́. Àìmọ̀kan ló ń bà á jẹ́. Ohun tó yẹ ni pé kí àwọn àgbà ìṣẹ̀ṣe ilẹ̀ Ẹ̀gbá jókòó, kí wọ́n pín ijó sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí gbogbo ọmọ lè kọ́, èyí tó jẹ́ ti ẹni tó bá ti ṣe orò rẹ̀ nìkan, àti èyí tí kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú igbó. Bí ààlà bá ti hàn, olùkọ́ kò ní í ṣi ẹsẹ̀ gbé, ọmọ kò sì ní í dá èèwọ̀ tí kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn òbí náà kò ṣeé fò. Mùsùlùmí àti Kìrìsítẹ́nì ni ọ̀pọ̀ òbí l'Abẹ́òkúta. Ọmọ wọn lè kọ́ dùndún, ó lè kọ́ ijó sákárà tí Yusuf Ọlátúnjí fi da ìlú yìí láàmú, ó lè kọ́ ẹsẹ̀ àpàlà ti Àyìnlá Ọmọwúrà, láìṣe orò kankan. A kò gbọdọ̀ fi ijó tan ọmọ ọlọ́mọ wọ awo. Ẹni tí òrìṣà bá pè yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, pẹ̀lú ìmọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Bí a bá ṣe é ní òótọ́ báyìí, àwọn òbí náà yóò fọkàn tán wa.

Nígbà náà, kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe? Èkínní, kí gbọ̀ngán June 12 ní Kútọ̀ ní kíláàsì ijó ìbílẹ̀ tó ń lọ yíká ọdún, fún ọdún méjì ó kéré tán, pẹ̀lú ìpele tó yé ọmọ àti òbí. Ọdún kìíní, kó kọ́ ìlù gbígbọ́, oríkì, àti ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀. Ọdún kejì, kó yan ọ̀nà tí yóò gbà: ijó jíjó, ijó títò, olùkọ́ni, tàbí iṣẹ́ aṣọ àti ohun èlò. Kí ìdánwò ìparí jẹ́ níṣojú àwọn ọ̀gá onílù, àwọn àgbà ìṣẹ̀ṣe àti olùkọ́ láti yunifásítì, kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì ṣeé gbé lọ síbi tí ọmọ bá fẹ́ ti tẹ̀síwájú.

Èkejì, kí wọ́n sanwó fún àwọn àgbà tí yóò kọ́ wọn. Ìyá tó ti ń jó níwájú òrìṣà fún ogójì ọdún kò nílò dígírì kí wọ́n tó pè é ní olùkọ́. Bí wọ́n bá ń san owó fún ẹni tó ka ìwé nípa ijó, kí wọ́n san fún ẹni tí ijó náà wà lára rẹ̀. Ó jọ ohun tí ilé Adúgbológè ní Ìtókò fi hàn nínú iṣẹ́ ọnà: láti ọwọ́ bàbá sí ọwọ́ ọmọ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ère ìbejì àti ère eégún tí àwọn musíọ̀mù òkè òkun ń kó pa mọ́. Yunifásítì kọ́ ló kọ́ wọn, síbẹ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n nínú iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀kẹta, àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama. Ijó wà nínú ẹ̀kọ́ Cultural and Creative Arts tí ìjọba là kalẹ̀, pẹ̀lú àwòrán, orin àti eré. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá dé ibi ijó, yóò kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí pátákó, àwọn ọmọ yóò dà á kọ, ó parí. Ẹ pe onílù kan láti àdúgbò wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Owó rẹ̀ kò tó owó àsíá àti báńà tí à ń tẹ̀ fún ayẹyẹ ìparí ọdún.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ owó àti òfin. Oníjó gbọ́dọ̀ mọ iye tí wọn yóò san fún un kó tó gun ọkọ̀, kí àdéhùn náà sì wà nínú ìwé. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023 ka ijó tí ènìyàn tò sí iṣẹ́ tí òfin ń dáàbò bò, bí ó bá jẹ́ pé ó fi làákàyè tirẹ̀ ṣe é, tó sì wà lákọsílẹ̀ tàbí nínú fídíò. Òfin náà tún dáàbò bo ijó ìbílẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, kí àjèjì má kàn gbé e lọ ta bó ṣe wù ú. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ èyí? Ọmọ tó to ijó tí olórin ńlá kan lò, tó wá gba owó ọkọ̀ nìkan, àìmọ̀ òfin ló pa á lára.

Ẹ̀karùn-ún, ààbò àwọn ọmọbìnrin. Ilé ẹ̀kọ́ ijó kankan tí kò bá ní obìnrin nínú àwọn olùkọ́ àti alábòójútó rẹ̀, tí kò ní ẹni tí ọmọ lè fi ẹjọ́ sùn, kí òbí má ṣe fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Èèwọ̀ iṣẹ́ nìyí, ó sì gbọ́dọ̀ le bí èèwọ̀ awo.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ọ̀rọ̀ kù fún yín. Ìṣẹ́jú kan lórí TikTok lè mú kí ayé mọ̀ yín, kò lè sọ yín di ọ̀gá. Ẹ kọ́ ìlù kí ẹ tó kọ́ ẹsẹ̀. Ẹ má fi ilé ìwé sílẹ̀. Ẹ tọ́jú ara yín, nítorí ara ni ọkọ́ àti àdá oníjó. Orúnkún tó bá yẹ̀ lónìí lè dá iṣẹ́ dúró fún ọdún kan. Ẹ kọ́ nǹkan kejì mọ́ ọn: fídíò yíyà, aṣọ rírán, ìṣirò owó, kíkọ́ ọmọdé. Oníjó ìgbàlódé máa ń bẹ̀rù ogójì ọdún, ṣùgbọ́n nínú ìṣẹ̀ṣe, oníjó kì í fẹ̀yìntì. Bí ìtàkìtì bá kúrò lára rẹ̀, ọgbọ́n á rọ́pò rẹ̀, ẹni tó ń fò sókè lánàá ni yóò jókòó lọ́la tí yóò máa sọ fún ọmọdé pé, "Ẹsẹ̀ rẹ yá ju ìlù lọ, tẹ́tí." Ipò ọ̀gá nìyẹn, owó sì wà níbẹ̀ bí a bá tò ó.

Owó tí yóò ṣe é ńkọ́? Ìjọba ní tirẹ̀ láti ṣe, a kò ní í ṣíwọ́ láti máa béèrè lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá ni wá, a sì mọ ohun tí Líṣàbí fi gba àwọn baba wa sílẹ̀. Àáró ni. Lónìí gbogbo ẹgbẹ́ á ro oko Lágbájá, lọ́la á kan oko Tàmẹ̀dò, títí gbogbo oko á fi mọ́, láti inú oko yẹn sì ni òmìnira ti jáde. Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá àti Òwu lè fi àáró dá ilé ẹ̀kọ́ ijó sílẹ̀. Kí ilé òrìṣà kan yọ̀ǹda àgbàlá rẹ̀ ní oṣù yìí, kí òmíràn gbà á ní oṣù tó ń bọ̀. Kí ẹgbẹ́ onílù fi ọ̀gá kan sílẹ̀. Kí ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston san owó ẹ̀kọ́ ọmọ kan péré. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ogún, tí wọ́n kọ́ ọ dójú ìlà, nígbà tí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù Kẹjọ, bá tún yí po, a ó ní ohun tí a ó fi hàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ọmọ tó jí tó ní ijó lòun fẹ́ ṣe, kì í ṣe orí burúkú ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ohun tí orí rẹ̀ yàn láti ọ̀run nìyẹn. Bí a bá fẹ́ mọ̀, Ifá wà nílé, ẹ jẹ́ kí a bi í. Bí Ifá bá sì ní ọ̀nà rẹ̀ ni, ojúṣe tiwa ni pé kí ọ̀nà náà wà nílẹ̀ kí ọmọ tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Kí Ọ̀rúnmìlà la ọ̀nà fún àwọn ọmọ wa. Kí Àyàn má jẹ́ kí ìlù ó dákẹ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa má kọ, kí iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹsẹ̀ wọn máa mú ire wálé. Àṣẹ.